Bàlúù Ńlá Ò Gba "Ẹ Jẹ́ Ká Máa Mánéèjì Ẹ̀"

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ Àìkú kan, apá bàlúù tó gùn tó mítà 2.4 wà lórí bẹ́ǹṣì méjì nínú ọgbà ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Apá yẹn nìkan ti dí ọ̀nà pa, débi pé ẹni tó bá fẹ́ lọ pọn omi ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní òdìkejì títì ló kàn án. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ṣe é, pẹ̀lú fóòmù, pákó àti gọ́ọ̀mù. Ó gbé rìmóòtù dání, ó ti ọ̀pá rẹ̀ sọ́tùn-ún, aileron méjèèjì sì dáhùn: ọ̀kan lọ sókè, èkejì wá sílẹ̀. Àwọn ọmọdé tó dúró lẹ́nu géètì pàtẹ́wọ́.

"Sátidé tó ń bọ̀, ó di òkè," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Èmi ni mo ba eré jẹ́. Mo lọ yá ìwọ̀n onífìkọ́ lọ́wọ́ ìyá alápatà tó wà ní ìkòríta. Mo fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ etí aileron apá òsì, mo ní kí ẹ̀gbọ́n má fọwọ́ kan rìmóòtù mọ́, mo wá rọra ń fà á. Ìwọ̀n ò tíì ka ìlàjì kílò tá a fi gbọ́ "kẹrẹ-kẹrẹ-pàù" nínú apá. Aileron rọ̀ jọwọlọ bí etí ajá. Nígbà tá a máa tú servo tó ń darí ẹ̀, eyín jíà rẹ̀ mẹ́ta ti ká.

Ẹ̀gbọ́n wò mí, ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Àbúrò, ta ló ní kó o fà á?"

Mi ò rí èsì gidi fọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èsì náà nìyí: afẹ́fẹ́ ló máa fà á, kò sì ní í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èrò mi ni pé bàlúù onírìmóòtù ńlá kì í ṣe bàlúù kékeré tó sanra. Ẹni tó bá fẹ́ kàn án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ náwó àti àkókò sórí nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò ní rí nínú fọ́tò: servo inú apá, ibi tó jókòó sí, irin tó so ó mọ́ aileron, àti wáyà tó ń gbé iná lọ bá a. Tí agbára yín ò bá tíì ká ìyẹn, ẹ kan kékeré. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

KÍ NI SERVO Ń ṢE GAN-AN?

Aileron ni pákó pẹlẹbẹ tó wà létí ẹ̀yìn apá, tó ń ṣí tó ń padé bí ilẹ̀kùn tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Tí tọ̀tún bá lọ sókè, tí tòsì wá sílẹ̀, bàlúù á fì sápá ọ̀tún. Ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn ni servo.

Àpótí kékeré ni servo. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni dáínámò kékeré bíi ti inú ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé. Ìkejì ni ọ̀wọ́ jíà tó ń dín eré dáínámò kù, tó sì ń sọ ọ́ di agbára. Ìkẹta ni nǹkan tó jọ ohun tá a fi ń gbé ohùn rédíò sókè sódò, èyí tó ń sọ ibi tí ọwọ́ servo dé. Ìkẹrin ni pátákó iná tó ń ṣe ìdájọ́. Rísífà inú bàlúù máa ń ránṣẹ́ sí pátákó yìí nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà ni bí iná ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Tó bá pẹ́ tó ìdá 1.5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, servo á dúró sí àárín. Tó bá jẹ́ 1, á yí sápá kan. Tó bá jẹ́ 2, á yí sápá kejì.

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀ wà nìyí: servo kì í yí kó wá sùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti aileron padà díẹ̀, pátákó á rí i pé ọwọ́ ti kúrò níbi tí wọ́n ní kó wà, á sì tì í padà. Ìjà ni wọ́n ń jà láti ìgbà tí bàlúù bá ti gbéra títí tó fi máa balẹ̀. Torí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi servo kì í ṣe "ṣé o lè yí?" Gbogbo servo ló ń yí lórí tábìlì, níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí. Ìbéèrè gidi ni "ṣé o lè dúró?"

ÌLỌ́PO MÉJÌ KÌ Í ṢE ÌLỌ́PO MÉJÌ

A máa ń fi kg·cm wọn agbára servo. Servo tó ní 1 kg·cm lè di ẹrù kílò 1 mú, tí ẹrù náà bá so rọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí àárín ibi tí ọwọ́ ẹ̀ ti ń yí. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹrù náà jìnnà sí sẹ̀ǹtímítà 2, ìlàjì kílò péré ló máa lè dì mú. Ẹni tó bá ti fi spánà tú nọ́ọ̀tì táyà rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ojú-lásán. Aileron ẹ̀gbọ́n gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8. Tí bàlúù bá ń sáré kìlómítà 90 ní wákàtí kan, tí aileron sì ṣí dáadáa, afẹ́fẹ́ á máa fi nǹkan bíi 2.5 kg·cm yí i padà lórí hínjì. Ẹ wá mú bàlúù mìíràn tó jẹ́ ìdajì ẹ̀, tí aileron rẹ̀ gùn ní 30, tó fẹ̀ ní 4, lórí eré kan náà. Ẹ ò ní rí ìdajì 2.5. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ò ju 0.3 lọ. Ìdí ni pé nígbà tá a sọ bàlúù di ìlọ́po méjì, ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń tì di ìlọ́po mẹ́rin, ibi tó ti ń tì í sì tún jìnnà sí hínjì ní ìlọ́po méjì. Mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́jọ. Bàlúù tóbi ní ìlọ́po méjì, iṣẹ́ servo di ìlọ́po mẹ́jọ.

Kò tíì tán o. Tí bàlúù bá kọrí sílẹ̀, tí eré ẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. 2.5 á di 10. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ẹ máa nílò aileron jù, torí ilẹ̀ ti ń sún mọ́lé.

Servo tó wà nínú apá ẹ̀gbọ́n, 3 kg·cm ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, oníròbà sì ni jíà inú ẹ̀. Inú bàlúù kékeré tó kàn tẹ́lẹ̀ ló ti yọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún kan láìṣe àìsàn, ìdí nìyẹn tó fi fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ìlàjì kílò tí mo fẹ́ fà létí aileron, ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí hínjì, 4 kg·cm nìyẹn. Kò dé ibẹ̀ kó tó já. Nǹkan mìíràn tún wà: nọ́ńbà ara páálí servo kì í ṣe agbára tó fi ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹrù tó máa mú un dúró gbagidi ni wọ́n ń kọ, bí ìgbà tí alábàárù gbé àpò gààrí tí kò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́. Ìdajì nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń gbà gbọ́. Tí mi ò bá mọ ibi tí servo ti wá, ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni.

IBI TÍ OKÙN BÁ TI TÍN-ÍNRÍN LÓ TI Ń JÁ

Ẹni tó bá ra servo olówó ńlá tí kò bá mọ̀ ọ́n fi sínú apá, owó ló sọ sómi. Ibi mẹ́rin ló ti máa ń já.

Ibi àkọ́kọ́ ni ibùsùn servo. Mo ti rí ẹni tó gbẹ́ ihò sínú fóòmù, tó da gọ́ọ̀mù gbígbóná sí i, tó sì ti servo bọ̀ ọ́. Oòrùn Èkó á rọ gọ́ọ̀mù yẹn, fóòmù ò sì lè di sìkúrù mú. Servo gidi ń fẹ́ férémù pákó tí a lẹ̀ mọ́ egungun apá, kí sìkúrù mẹ́rin wọ inú pákó, kí rọ́bà kékeré tó bá a wá wà láàárín kí ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì má baà pa á. Kò di dandan kẹ́ ẹ ra pákó òkèèrè. Igi arère tó ń hù nínú igbó wa ni àwọn olówò igi ń pè ní obeche káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń kan bàlúù onírìmóòtù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń bẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bíi páálí láti fi bo apá fóòmù, torí ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti ṣiṣẹ́ lé lórí. Igi wa ti fò lókè wọn kí àwa tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi kejì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ọwọ́ servo mọ́ ìwo aileron. Níhìn-ín, ọ̀fẹ́ ni agbára wà. Tí irin bá wà ní ihò tó jìnnà sí àárín servo ní sẹ̀ǹtímítà 1, tí ìwo aileron sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí hínjì, agbára tó dé aileron á di ìlọ́po méjì. Ohun tẹ́ ẹ máa fi san án ni pé aileron ò ní ṣí tó bó ṣe ń ṣí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣe òdìkejì: wọ́n á kó irin sí ihò tó jìnnà jù lára servo kí aileron lè máa jù fìrì-fìrì, kí fídíò lè dùn. Agbára ni wọ́n ń tà ra ijó.

Ibi kẹta ni àyè. Tí ihò bá tóbi ju irin lọ, tí hínjì bá rọ̀, aileron á ní àyè díẹ̀ tó lè máa mì láìjẹ́ pé servo mọ̀. Ẹ̀yin náà ti rí páànù tí ìṣó ẹ̀ ti yọ nígbà tí ìjì òjò bá dé. Ó kọ́kọ́ ń mì jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó di gbàgàgbàgà, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti fò lọ sórí ilé ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni aileron tó ní àyè ṣe máa ń gbọ̀n. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ti tó fún un láti fa apá ya. Kódà nínú bàlúù tí èèyàn ń wọ̀, àwọn tó ń ṣe é máa ń fi òjé tàbí irin wíwúwo sí iwájú aileron nítorí ìgbọ̀nrìrì yìí kan náà.

Ibi kẹrin ni wáyà. Apá ńlá ń fẹ́ wáyà gígùn, wáyà gígùn sì ń jẹ iná. Servo tó ń jà lè fa áńpù 2. Tí wáyà bá gùn ní mítà kan, tó sì jẹ́ èyí tín-ínrín tí wọ́n ń pè ní 26, lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ á jẹ nǹkan bíi ìlàjì fóòtì nínú fóòtì 6. Tẹ́ ẹ bá lo 22, tó nípọn jù ú lọ, ohun tó máa jẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ju 0.2 lọ. Ẹ wá rò ó wò pé servo mẹ́rin jọ ń jà lẹ́ẹ̀kan náà, pé bátìrì kékeré kan ló ń bọ́ gbogbo wọn, òun náà ló sì ń bọ́ rísífà. Iná á rẹ̀, rísífà á kú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, bàlúù á sì di òkúta. Ibi tí wáyà méjì bá ti pàdé, ẹ fi òwú dì í. Gbígbọ̀n lè tú u.

"ÀBÚRÒ, ṢÉ O MỌ IYE TÍ ÌYẸN JẸ́?"

Ohun tí ẹ̀gbọ́n bi mí nìyẹn nígbà tí inú ẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Servo onírin tó dáa ju owó gbogbo fóòmù àti pákó inú bàlúù ẹ̀ lọ. Ó ní gbogbo wa ní Èkó là ń mánéèjì. Ó ní ṣé mi ò rí àwọn ọmọ Ládípò tó ń jí ẹ́ńjìnnì tó ti kú dìde ni? Ó ní tó bá jẹ́ pé ká ní gbogbo nǹkan ká tó bẹ̀rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mi ò sì fẹ́ fojú di í. Mánéèjì ló bí ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tá a ní. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì Ládípò yẹn á tan ẹ́ńjìnnì létí ẹ kó tó gba owó lọ́wọ́ ẹ. Tí ọkọ̀ náà bá sì kọṣẹ́ ní Cele, wàá yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wàá sọ̀kalẹ̀, wàá bínú. Ẹ̀gbẹ́ títì ò sí lójú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ ní ti ẹni tí ò lówó. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2000, bàlúù Alaska Airlines 261 já sínú òkun nítòsí Kalifóníà, gbogbo èèyàn 88 tó wà nínú ẹ̀ sì kú. Ìwádìí fi hàn pé sìkúrù gígùn kan tó ń darí ìrù ọkọ̀ náà kò rí gírísì tó, títí eyín inú nọ́ọ̀tì rẹ̀ fi jẹ tán. Orílẹ̀-èdè tó lówó ni, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, apá sì ṣì wà. Ibi kan ṣoṣo láàárín awakọ̀ àti ìrù ọkọ̀ ló já.

Ẹ̀gbọ́n ní bàlúù òun ò gbé èrò. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Kílò 7 ni bàlúù náà. Tó bá ń bọ̀ ní kìlómítà 90 ní wákàtí kan, ó gbé agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ti àpò sìmẹ́ǹtì oníkílò 50 tó já bọ́ láti ibi tó ga ju mítà 4 lọ, ìyẹn bí ẹni jù ú láti bákónì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pẹ̀lú pòròpélà tó ń yí níwájú. Ẹ wo òrùlé bó ṣe fara kan òrùlé láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó títí dé Ìtirẹ̀ àti Lawanson, kẹ́ ẹ sọ ibi tí àpò sìmẹ́ǹtì yẹn máa bọ́ sí tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ní Brooklyn ní Niú Yọ́ọ̀kì, hẹlikọ́ptà onírìmóòtù pa ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 tó ń darí ẹ̀ fúnra ẹ̀. Nǹkan ìṣeré ni wọ́n ń pè é títí di ọjọ́ yẹn.

Òfin náà ò dákẹ́. Láti ọdún 2016 ni àjọ NCAA ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má fò ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀ nínú láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti lọ́wọ́ ONSA, ọ́fíìsì tó ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn lórí ètò ààbò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ka ìyẹn sí ìyọnu lásán. Àmọ́ tí wọ́n bá ní ká wá fi bàlúù wa hàn lọ́la, mélòó nínú wa ló lè ṣí apá ẹ̀ láìtijú?

OHUN TÍ MÒ Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Mi ò ní kẹ́ ẹ má kàn án o. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ tó ń kan bàlúù ńlá ń ka èyí tí apá ẹ̀ bá ti tó íńṣì 80, bíi mítà 2, sí ọ̀tọ̀ gedegbe. Ẹ jẹ́ káwa náà ya á sọ́tọ̀ lọ́kàn wa. Tówó ò bá tó, ẹ kan èyí tí apá ẹ̀ jẹ́ mítà 1.2. Ẹ rántí ìlọ́po mẹ́jọ yẹn: iṣẹ́ servo á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ, owó náà á sì fúyẹ́. Tó bá sì jẹ́ ńlá lọkàn yín fẹ́, ẹ gé aileron kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí servo tirẹ̀ máa darí ìdajì kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì lè gbé bàlúù wálé.

Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ fà á. Kẹ́ ẹ tó lẹ ìdérí apá pa, ẹ tan gbogbo nǹkan, ẹ fi ìwọ̀n kọ́ etí aileron, kẹ́ ẹ fà á títí dé agbára tí ìṣirò ní afẹ́fẹ́ máa fà. Fún aileron ẹ̀gbọ́n, 10 kg·cm ni mo ṣírò fún ìgbà tí bàlúù bá kọrí sílẹ̀. Tá a bá fi sẹ̀ǹtímítà 8 pín in, á jẹ́ kílò 1 àti ìdá mẹ́rin. Tó bá dúró, ó dúró. Tó bá já, ẹ dúpẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì ló ti já.

Sátidé yẹn dé, àwọn ọmọdé sì ti pé sẹ́nu géètì láti aago mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n ló fúnra ẹ̀ jáde lọ sọ fún wọn pé kò ní í ṣeé ṣe lónìí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo máa ń kí i, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀," á sì mi orí lásán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló kan ilẹ̀kùn wa. Ó ti ta kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kan, ó ti ra servo onírin mẹ́rin tó ní 10 kg·cm, ó ti gé aileron kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó sì ti gbé irin sí ihò tó sún mọ́ àárín. Kò ṣàlàyé kankan fún mi. Ìwọ̀n ìyá alápatà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Àbúrò," ló wí, "ó yá, wá fà á."